Ooru ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí, ó sì gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ kó lọ pa iná rẹ̀ ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ V-boot Dádì mi. Òun ló máa ń wà lẹ́yìn mi nínú ìdajì àwọn fọ́tò tí mo ń gbé síbí. Mercedes 230E, ọdún 1990, búlúù tó ti ń di aláwọ̀ eérú lórí. Tòkunbọ̀ ni Dádì rà á ní 1998. Àwọn tó ṣe é ní Jámánì ń pe irú rẹ̀ ní W124, ìparí 1984 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Àwa ní tiwa wo bí ẹnu búùtù rẹ̀ ṣe rí, a sọ ọ́ ní V-boot, ọ̀rọ̀ parí.

Tíṣà físíìsì ni Dádì mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ mú wọn. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò lágbára mọ́, ọ̀rọ̀ sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu wọn. Ẹni tó lè fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé ohun tó ń mú gílóòbù tàn, tí omi bá ń gbẹ wọ́n báyìí, "Omi" náà ni. Wọ́n gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ o. Orí wọn pé. Ẹnu ni kò lè gbé ohun tí orí bá fi rán an mọ́.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ la máa ń lọ sí Ìbàdàn fún físíò. Ọ̀yọ́ ni à ń gbé. Èmi ni dírẹ́bà, nítorí pé èmi ni iṣẹ́ mi "wà lórí fóònù", bí àwọn ẹbí ṣe máa ń sọ ọ́. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé n kò níṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Dádì kì í wọ mọ́tò ẹlòmíì. A ti gbìyànjú rẹ̀ tì. Ńṣe ni wọ́n máa dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n á na ọ̀pá wọn sí V-boot. Iwájú ni wọ́n ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn sọ́kàn.

Fáànù ló kọ́kọ́ kú. Oṣù kejì ni, ẹ mọ bí oòrùn ṣe ń rí nígbà yẹn. Mo tan AC, kò sí atẹ́gùn kankan. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bọ̀dá rewáyà kan. Wọ́n ṣí àpótí fíúùsì, wọ́n yọ ti fáànù jáde, wọ́n gbé e sókè sí ojú oòrùn, wọ́n dijú kan. "Fíúùsì yìí dáa, Àǹtí. Mọ́tò fáànù yẹn ló ti jó." Iye tí wọ́n pè, n kò ní kọ ọ́ síbí, torí ìyá mi ti wà lórí app yìí báyìí.

Owó kò sí, mo bá wakọ̀ padà sílé. Dádì wà ní fàràńdà. Mo ṣàlàyé. Wọ́n fi ìka òsì kan ojú ara wọn, wọ́n mi orí pé rárá. Wọ́n ní, "Mítà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Fíúùsì V-boot kì í ṣe èyí tó rí pẹlẹbẹ tí ẹ máa ń rí nínú Camry. Tiwa rí bí ọta ìbọn kékeré. Irin tín-ín-rín kan gba ara rẹ̀ kọjá láti orí dé ìdí, irin méjì tó le bíi sípíríǹgì á wá há orí àti ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù ni irin yẹn, bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, nǹkan funfun kan á máa hù síbi tí orí rẹ̀ ti kan sípíríǹgì. Irin náà kò já o. Tí ẹ bá wò ó lójú oòrùn, ó pé pérépéré. Ṣùgbọ́n iná kò rí ọ̀nà kọjá, pàápàá iná tó pọ̀ bíi ti fáànù. Ìdí nìyẹn tí Dádì fi sọ pé ojú kọ́, mítà ni.

Mo gbé mítà wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Mo fi ẹnu dúdú sí ara irin mọ́tò, mo fi ẹnu pupa kan sípíríǹgì tí iná ń gbà wọlé: 12 àti díẹ̀. Mo kan sípíríǹgì kejì: òdo. Fíúùsì "tó dáa" nìyẹn. Dádì bá gbé ìka òsì sókè, wọ́n ń yí ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn. Mo pa mọ́tò, mo fi ìka yí fíúùsì náà níbi tó há sí, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, márùn-ún. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́ padà, fáànù sì hó fùùù, eruku tó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà Ọ̀báṣanjọ́ bò mí lójú.

Mo ra fíúùsì onírin bàbà, mo pààrọ̀ gbogbo wọn. Fídíò yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú yín fi tẹ̀lé mi. Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n lọ tẹ ẹ̀bà, mo ti tẹ̀ ẹ́, mo ti jẹ ẹ́ tán, ẹ kú àníyàn.

Mo wá di ọ̀gá. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi mi ti bẹ̀rẹ̀.

Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a ń bọ̀ láti Ìbàdàn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Mọ́níyà ni, Dádì ní, "Ooru." Mo yí fáànù sókè. Nígbà tó máa fi ku díẹ̀ ká dé Fìdítì, wọ́n tún ní, "Ooru." Mo gbé ọwọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń jáde lọ́dọ̀ mi. Ó tutù dáadáa. Mo ní, "Dádì, AC wà lórí o." Wọ́n wò mí. "Ooru, Àbẹ̀kẹ́."

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń fa gáàsì AC. Ó jókòó sí sìtì dírẹ́bà, ó fọwọ́ kan atẹ́gùn, ó ní gáàsì ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. ₦18,000. Ọjọ́bọ̀ dé, "Ooru." Mo padà lọ. Sìtì dírẹ́bà náà ló tún jókòó sí. ₦18,000. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní ó dà bíi pé kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ti ń rẹ̀, kí n lọ wá owó, ṣùgbọ́n kó ṣì bá mi fi gáàsì díẹ̀ sí i ná. Ẹ ti mọ iye tó gbà.

Nọ́ọ̀sì kan wà ládùúgbò wa, èèyàn dáadáa ni. Ó sọ fún Mọ́mì pé rọpárọsẹ̀ lè da bí ara ṣe ń mọ ooru àti òtútù rú ní ẹ̀gbẹ́ tó bá mú. Òótọ́ sì ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀, irọ́ kọ́ ló pa. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni àìsàn mú Dádì mi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n sì ń fọwọ́ sọ pé ooru ti ń mú wọn. Kí la tún ń wá? Mọ́mì ní, "Ara wọn ni." Èmi náà gbà pé ara wọn ni.

Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti ní "Ooru", èmi á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ Dádì mi, ó máa tó lọ." Mo máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Mo ra abẹ̀bẹ̀ sínú mọ́tò. Mo máa ń fi táwẹ̀ẹ̀lì tútù sí wọn lọ́rùn. Mo rò pé mò ń tọ́jú wọn.

Nígbà tó yá, wọn ò sọ ọ́ mọ́. Ńṣe ni wọ́n kàn máa ń fara ti apá òsì, sọ́dọ̀ gíà, láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn. Mo rò pé físíò ló ti ń ṣiṣẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin wá sílé fún ìsinmi. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí òun wakọ̀ lọ sọ́jà. Dádì kò sí nínú mọ́tò. Mo ní fídíò kan tí mo fẹ́ gé, mo bá jókòó sí iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, kọ̀ǹpútà lórí itan mi. A ò tíì rìn jìnnà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mo rò pé kọ̀ǹpútà ló ń gbóná. Mo gbé e kúrò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣì ń gbóná. Mo gbé ọwọ́ sí ihò atẹ́gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ṣé ẹ mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ní sàlúùnù? Òun náà ni.

Mo bi àbúrò mi pé, "Ṣé ó tutù lọ́dọ̀ rẹ?" Ó ní, "Ó ti ń tutù jù gan-an." Mo wo róòlù kékeré tó wà fún ẹ̀gbẹ́ mi láti yí i sí búlúù. Orí búlúù ló wà. Orí búlúù ló ti wà látọjọ́ yìí.

Mo ní kó páàkì. Mo bọ́ sílẹ̀, mo dúró sẹ́bàá títì, mò ń ka Ọjọ́bọ̀. Mọ́kànlá. Àbúrò mi rò pé èébì ló ń gbé mi.

Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀ níwájú Dádì. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ooru wà níbẹ̀ lóòótọ́." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá ní, "Ẹn-hẹ́n."

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mítà."

Ó dáa. Bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á torí ó lè gbà yín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta gáàsì. Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì máa ń gba rọ́bà wọ inú hítà tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ ní kí lẹ fẹ́ fi hítà ṣe ní Nàìjíríà? Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi náà wí. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, atẹ́gùn tí AC ti mú tutù sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó ń dá omi gbígbóná yẹn dúró ni táàpù oníná méjì, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Róòlù méjì tó ní búlúù àti pupa ló ń darí wọn.

Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú ni pé iná kọ́ ló ń ṣí táàpù yìí. Iná ló ń tì í. Tí ẹ bá yí róòlù sí búlúù, iná á lọ bá táàpù, á tì, omi gbígbóná á dúró síta. Tí iná kò bá dé ibẹ̀, ìbáà jẹ́ fíúùsì, ìbáà jẹ́ wáyà, táàpù á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Omi gbígbóná á máa wọlé lọ ràì, kò sí iye gáàsì tí ẹ lè fà tó máa borí rẹ̀.

Mo rò pé ìlú wọn ni àwọn tó ṣe é ń rò. Tí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín yìnyín, ó sàn kí ooru pọ̀ jù ju kó má sí rárá lọ. Wọn ò ro ti Fìdítì lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n tiwa náà kò yàtọ̀: nílé wa, tí NEPA bá mú iná lọ, ooru ló ń dé.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ gba mítà. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, mo yí róòlù méjèèjì sí búlúù títí tó fi dúró. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ rọ́bà méjèèjì tó ti ara táàpù lọ sí hítà. Ẹ má dì í mú o, omi inú rẹ̀ lè bó ọwọ́. Ẹ ká irun yín sókè, ẹ má wọ ìborùn, torí fáànù iwájú ẹ́ńjìnnì kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Rọ́bà kan lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èkejì fẹ́ jó mi. Nǹkan tí Dádì ti ń sọ láti oṣù mẹ́ta nìyẹn, ìka mi gbọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

A jẹ́ kó tutù. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé àga oníke fún Dádì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, mo gbé mítà lé wọn lẹ́sẹ̀. Èmi ń fi ẹnu wáyà kan nǹkan, àwọn ń ka nọ́ńbà. Plọ́ọ̀gì táàpù náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: ọ̀kan tí méjèèjì jọ ń lò, ọ̀kan ti òsì, ọ̀kan ti ọ̀tún. Mo yọ plọ́ọ̀gì, a kọ́kọ́ wọn kọ́ìlì inú táàpù fúnra rẹ̀. Òsì, 14. Ọ̀tún, 14. Tó bá jẹ́ pé kọ́ìlì ọ̀tún ti já ni, mítà kì bá má rí nǹkan kan kà. Táàpù dáa. Ká ní mo ti sáré lọ ra òmíràn ni, owó ti bá omi lọ.

Mo ṣí kọ́kọ́rọ́, róòlù wà lórí búlúù, mo wọn iná tó ń bọ̀ wá sínú plọ́ọ̀gì. Òsì, 12. Ọ̀tún, òdo.

"Wáyà," Dádì wí.

Mo ní ó lè jẹ́ bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn róòlù ló kú. Mo ti ka nǹkan, ẹ jẹ́ kí n fi hàn. Wọ́n mi orí. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè bí ẹni ń mi ìgò oògùn. "Mì í."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mi wáyà náà láti ẹnu plọ́ọ̀gì, díẹ̀díẹ̀, mò ń bá a lọ sẹ́yìn. Òdo. Òdo. Mo dé ibi tó ti fẹ́ wọ inú mọ́tò, mo mì ín.

"Dúró!"

Ohùn yẹn pọ̀. Mọ́mì jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú ọmọ orogùn lọ́wọ́, wọ́n rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mítà fò dé 12, ó bọ́ sí òdo, ó tún fò sí 12. Dádì ń tọ́ka sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Sẹlotéèpù dúdú ló wà níbẹ̀, ó ti yọ̀ bí orí yìnyín. Ẹni tó fi alááàmù sí mọ́tò náà ní 2009 ló gé wáyà yẹn nígbà tó ń wá ibi tí yóò gbà kọjá, ó lọ́ ọ pọ̀, ó fi sẹlotéèpù wé e, ó gbowó rẹ̀. Alááàmù fúnra rẹ̀ kò pé ọdún méjì tó fi kú. Omi òjò ti wọ inú ibi tó lọ́ pọ̀ yẹn, bàbà wáyà ti di àwọ̀ ewé, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló ń rún.

Mo tú orí bátìrì tó jẹ́ ti négátíìfù kí n tó gé ohunkóhun. Mo gé wáyà náà sẹ́yìn títí mo fi rí bàbà tó ń dán. Mo fi wáyà tuntun tó nípọn bíi tirẹ̀ dí àlàfo náà, mo yá áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fóònù ṣe lójúde wa, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀. Ibẹ̀ sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, sẹlotéèpù kò lè dúró níbẹ̀, rọ́bà tó máa ń sún tí iná bá rà á ni mo lò. Ẹ rántí ki rọ́bà yẹn bọ wáyà kí ẹ tó jó o o. Èmi gbàgbé. Mo jó o tán, ó dúró dáadáa, rọ́bà wà lórí tábìlì ń wò mí. Mo tú u, mo tún un jó. Dádì kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí ẹnu wọn.

Wáyà àti rọ́bà, ₦1,500. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò ti gáàsì. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ "tó ti ń rẹ̀" ṣì wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àwọn kan ń bi mí nínú DM pé fídíò rẹ̀ dà, wọ́n ní irú èyí ló yẹ kí n gbé sókè. N kò ya fídíò kankan. Fóònù mi ni mo fi ń tàn sínú ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kọ́kọ́ tan mọ́tò, mo lọ jókòó sí sìtì Dádì fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilẹ̀kùn ní títì. Lẹ́yìn náà ni mo lọ mú wọn wá. Wọ́n jókòó, wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga, wọn ò fara ti ọ̀dọ̀ mi. A kọjá Fìdítì, a kọjá Mọ́níyà, a dé Ìbàdàn, a ṣe físíò, a ń padà bọ̀.

Wọ́n ní, "Òtútù."

Ó ti dé ẹnu mi pé "Dádì, kò sí òtútù níbí o." Mo gé e sẹ́nu. Mo wa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo na ọwọ́ kọjá níwájú wọn dé ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Yìnyín. Mo yí róòlù wọn sí pupa díẹ̀, mo dúró kó wọlé, mo tún na ọwọ́ síbẹ̀. Mo ní, "Ṣé ó ti dáa báyìí?"

"Díẹ̀ sí i."

Mo yí i díẹ̀ sí i.